Kí ẹ tó yáwó tún ilé ìyá yín ṣe

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá o, bọ̀dá. Ẹ ní ilé wọn ní Abẹ́òkúta ti wà lọ́jà fún oṣù mẹ́jọ, àwọn tó ń wò ó ń lọ, wọn kì í padà wá. Kọngílá kan wá ní kí ẹ ṣí gbogbo páànù orí rẹ̀ dànù, kí ẹ fi alumíníọ́mù tuntun bò ó, kí ẹ fi POP (pílásítà funfun) ṣe àjà pálọ̀, kí ẹ sì tẹ́ táìsì sí gbogbo yàrá, ẹ sì ń ronú àtiyáwó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yáwó yẹn. Mo ti gba ọ̀nà yìí kọjá, ó gba owó lọ́wọ́ mi, ó sì jẹ odindi ọdún kan mọ́ mi lọ́wọ́.

Ilé bàbá wa ní Ìbàdàn, lápá Mọ́lété, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ilé ilẹ̀ oníyàrá mẹ́ta ni, ọdún 1982 ni bàbá kó wọ̀ ọ́. Lúfà ló wà lójú fèrèsé, tẹràsó nílẹ̀, asbestos lájà. Lọ́dún 2017 ni àwa ọmọ fẹnu kò pé ká tà á, èmi tí mo jẹ́ àkọ́bí ni wọ́n ní kí n mójú tó o. Ohun tí mo kọ́kọ́ gbé owó lé ni POP pálọ̀, mo sì tẹ́ táìsì lé tẹràsó lórí níbẹ̀. Ó dára lójú mi gan-an. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, òjò gba ibi tó ti ń gbà wọlé látijọ́, ó fa àbàwọ́n pupa bíi tíì sí àárín POP funfun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sanwó rẹ̀ tán.

Inú òjò yẹn náà ni ọkùnrin kan wá wo ilé, ó mú bíríkìlà tirẹ̀ dání. Bíríkìlà yẹn kò tilẹ̀ gbójú sókè wo POP. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn balùwẹ̀ ló lọ tààrà, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó fi ha ìsàlẹ̀ ògiri. Pílásítà ń ya bọ̀ bí èlùbọ́, ó ń dà sórí bàtà rẹ̀. Ó bù ú sọ́wọ́, ó fi ìka méjì fọ́ ọ, ó wojú ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n wọ mọ́tò, wọ́n lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo tó mọ ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ilé àtijọ́ ń wá kiri: ohun tó máa tún gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti sanwó ilé tán. Omi ló sì ń bà á lẹ́rù jù nínú gbogbo rẹ̀.

Nítorí náà òrùlé ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣí i. Nígbà tí káfíńtà tó mọṣẹ́ gun tiwa, páànù mẹ́ta péré ni ìpẹtà ti jẹ. Ojú ìṣó ni ìyókù ti ń jò: rọ́bà tó wà lábẹ́ orí ìṣó ti gbẹ, ó ti já, omi ń gba ẹ̀gbẹ́ ìṣó wọlé. Ó yọ àwọn ìṣó ibi tó ń jò, ó kan tuntun tó ní rọ́bà, ó fi gọ́ọ̀mù dúdú dí àwọn ihò àtijọ́, ó pààrọ̀ páànù mẹ́ta yẹn, ó parí láàárín ọjọ́ méjì. Gbogbo owó iṣẹ́ náà kò tó ìlàjì owó tí mo ti ná sórí POP. Kọngílá yín lè máa sọ òtítọ́ o, ó lè jẹ́ pé tiyín ti jẹ kọjá àtúnṣe lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí káfíńtà tí kò ní bá yín ta páànù ló gùn ún wò.

Ọ̀rọ̀ ògiri tó ń rin ló gba sùúrù jù. Nígbà àkọ́kọ́, ọ̀dà ni mo kàn ní kí wọ́n kùn bò ó, kò sì tó oṣù méjì tó fi wú bí èéwo, tó sì ń bó. Bíríkìlà tó bá wa tún un ṣe ló yí ilé náà ká, tó fi hàn mí pé omi tó ń dà láti etí páànù ti gbẹ́ kòtò sí ẹsẹ̀ ìpìlẹ̀ yípo, ibẹ̀ ni omi ń dúró sí, tí ògiri ń fà á sókè. Ti balùwẹ̀ ní tirẹ̀, páìpù tó wà nínú ògiri ló ń jò. A tún páìpù ṣe, a fi kọnkéré ẹsẹ̀ bàtà méjì yí ilé po, a jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀ síta kí omi máa ṣàn lọ. Lẹ́yìn náà ni a ha pílásítà tó ti jẹrà, a ha á kọjá ibi tí omi dé ní ẹsẹ̀ bàtà kan, a rẹ́ tuntun sí i. A fi í sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó gbẹ dáadáa kí akunlé tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ bá lè ṣe iṣẹ́ yìí lẹ́ẹ̀rùn, ó sàn jù. Ẹ má fi ọ̀dà bo ògiri tútù mọ́ oníbàárà lójú. Yàtọ̀ sí pé kò dára, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo ló máa tú àṣírí rẹ̀.

Táìsì ńkọ́? Bí tẹràsó bá wà nílẹ̀ ilé ìyá yín, mo bẹ̀ yín, ẹ má bò ó. Mo ṣì ń kábàámọ̀ ti pálọ̀ wa títí di òní. Nínú àwọn yàrá, ṣe ni mo pe àwọn tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ tẹràsó. Wọ́n ń da omi sí i, wọ́n fi òkúta líle lọ̀ ọ́, wọ́n fi èyí tó kúnná tẹ̀ lé e, wọ́n wá fi páálíṣì nù ún. Eruku ogójì ọdún ó dín díẹ̀ kúrò, àwọn òkúta wẹ́wẹ́ funfun àti aláwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀ sì jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á. Ìyàwó ẹni tó rà á nígbẹ̀yìn bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́, ó ní, "Irú èyí ló wà nílé bàbá mi." Kò sọ nǹkan kan nípa táìsì pálọ̀.

Bó bá jẹ́ asbestos ló wà lájà, tó sì dá ṣáṣá, ẹ kùn ún lọ́dà kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ́ ọ, kó lu ihò sí i tàbí kó fi sáńpépà ha á. Eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì ń fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ́ ọ láìbo imú, mo ti rí wọn, ọkàn mi kì í gbà á.

Ó ku ohun kan tí n kò mọ̀ pé ó ń lé àwọn oníbàárà. Nígbà tí bàbá ṣàìsàn, a kọ "Ilé yìí kì í ṣe títà" gàdàgbà sára fẹ́ǹsì pẹ̀lú ọ̀dà pupa, nítorí àwọn gbájúẹ̀. Nígbà tí a fẹ́ tà á, a kun fẹ́ǹsì náà lẹ́ẹ̀mejì, àwọ̀ mílíìkì, síbẹ̀ bí oòrùn ọ̀sán bá ti kàn án, "kì í ṣe títà" á yọ gẹ́rẹ́. Ajẹ́ńtì kan ló la ọ̀rọ̀ fún mi pé ẹni tó bá rí i á ti rò pé ẹbí ń jà sílé náà. A fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha á débi pílásítà, a fi sìmẹ́ńtì funfun rẹ́ ẹ tẹ́ẹ́rẹ́, kí a tó kùn ún. Bí irú rẹ̀ bá wà lára tiyín, ẹ tètè mú un kúrò.

Àwọn yòókù kò le. A pààrọ̀ gíláàsì lúfà tó fọ́ àti nẹ́ẹ̀tì tó ya, a gé ẹ̀ka máńgòrò tó ṣú bo pálọ̀, a kun géètì, a fi òróró sí ìdè rẹ̀ kó yé ké. A kó ìdọ̀tí sókáwéè, a pààrọ̀ ìjókòó ṣáláńgá àti ẹ̀rọ omi méjì tó ń kán tótó. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa la fi sí gbogbo yàrá. Òórùn ń lé oníbàárà ju ògiri tó ti ṣá lọ, ẹ gbà mí gbọ́.

Ẹ san gbèsè iná tó wà lórí mítà, kí ẹ sì kó ìwé pọ̀: sọ́vè (ìwé tó fi ààlà ilẹ̀ hàn), C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ láti ọwọ́ ìjọba) bó bá wà, àti ìwé tí ilé ẹjọ́ fi fún ẹ̀yin ọmọ láṣẹ lórí ogún. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i kí ẹ̀tọ́ orí ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnìkan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, nítorí náà ẹni tó ń rà á ṣì ní ìnáwó tirẹ̀ níwájú.

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí a ṣe gbogbo èyí ni tiwa tà. Mo fi àwọn páànù tí a yọ han ẹni tó rà á, mo sì sọ ibi tí omi ti ń wọlé tẹ́lẹ̀ fún un.

Bí òjò bá tún rọ̀ ní Abẹ́òkúta, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, ẹ gun inú àjà. Orí igi ni kí ẹ máa tẹ̀ o, ẹ má tẹ pákó àjà fúnra rẹ̀. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo ibi tí omi ti ń kán, kí ẹ kà á, kí ẹ tó pe káfíńtà kankan.