Ejò ṣán Bàbá, àyẹ̀wò kíndìnrín ọjọ́ kìn-ín-ní dára: ṣé ó ti parí?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Paramọ́lẹ̀ ṣán bàbá mi, ẹni ọdún 61, níbi tí wọ́n ti ń ṣa kajú lóko wa lẹ́bàá Òró. Wọ́n gba abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò lọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ tó ń jò lẹ́nu wọn dá, ẹsẹ̀ tó wú sì ti ń fà. Àyẹ̀wò kíndìnrín tí wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà dára. Síbẹ̀, dókítà ní a ó máa tún un ṣe lójoojúmọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó lásán ni wọ́n ń wá, pé ká gbé Bàbá wálé, ká máa fún wọn ní àgbo tó ń fọ kíndìnrín. Ṣé òótọ́ ni? Láti Ọ̀fà.

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá. Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé ní àsìkò kajú yìí tí irú ìbéèrè yìí ń dé ọ̀dọ̀ mi, nítorí náà n kò ní fi bọpo bọyọ̀. Kì í ṣe òótọ́. Ẹ má gbé Bàbá wálé.

Ohun tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ń jẹ́ creatinine. Pàǹtí ni, inú iṣan ara ló ti ń wá, kíndìnrín ló sì ń kó o dà sínú ìtọ̀. Ààtàn kì í ga lọ́jọ́ tí ẹni tó ń kó o ṣẹ̀ṣẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó lè gba ọjọ́ kan tàbí méjì kí creatinine tó gòkè, ìdajì agbára kíndìnrín sì lè ti lọ kí nọ́ńbà náà tó kọjá ààlà. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí ejò ṣán ènìyàn, bí kíndìnrín ṣe wà kó tó pàdé ejò ló ń sọ.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní 0.8 mg/dl ni ti ọjọ́ kìn-ín-ní, tó wá di 1.1 lọ́jọ́ kejì. Lábù á kọ ọ́ sórí ìwé méjèèjì pé ó dára. Àwa á sọ pé kíndìnrín ti ń fara gbọgbẹ́, nítorí ìfikún 0.3 láàárín wákàtí 48 ti tó fún wa láti dìde. Bí ẹ bá mú ìwé kan ṣoṣo dání, kò sẹ́ni tó lè rí i. Ìdí nìyẹn tí dókítà yín fi fẹ́ tún un ṣe.

Wíwú tó fà àti ẹ̀jẹ̀ tó dá, ohun ayọ̀ ni, àmọ́ wọn kò jẹ́rìí fún kíndìnrín. Oró náà a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ má lè dì, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, kó sì fọ́ iṣan; àfọ́kù wọn a dí àwọn ihò tín-ín-rín inú kíndìnrín. Abẹ́rẹ́ ń pa oró tó kù, kò lè tún èyí tó ti bàjẹ́ ṣe.

Mo ti tọ́jú àgbẹ̀ kan tí wọ́n gbé kúrò lọ́sibítù lọ́jọ́ kejì torí pé ìwé rẹ̀ dára. Ọjọ́ kẹfà ni wọ́n gbé e padà, ojú rẹ̀ wú, ó ń mí gúlegúle, kò sì tọ̀ láti àná rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ jí padà, ṣùgbọ́n wọ́n ti fi oko dógò. Ó dùn mí títí dòní.

Iṣẹ́ tiyín ni ìtọ̀. Ẹ jẹ́ kí Bàbá máa tọ̀ sínú ike omi 50cl tó ṣófo. Ẹni tó wọn kílò 60, bí ìtọ̀ rẹ̀ kò bá tó 180 mílílítà láàárín wákàtí 6, tó jẹ́ díẹ̀ lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta ike náà, ẹ pe nọ́ọ̀sì. Bí ó bá pọ́n bí omi sóbò tàbí ó dú bí omi tíì, ẹ pè é lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá ń jáde dáadáa, ẹ ṣì ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín mìíràn a máa bàjẹ́ nígbà tí ìtọ̀ ṣì ń dà.

Kò sí àgbo tó ń fọ kíndìnrín. Òmíràn wà tó ń pa á. Ẹ má sì fún Bàbá ní diclofenac tàbí ibuprofen nítorí ìrora ẹsẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. N kò rí Bàbá fúnra mi, ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tọ́jú wọn ló lékè tèmi.

Bí owó bá ń há, ẹ sọ fún un láìtijú. Ẹ ní kó fi creatinine àti ìtọ̀ ṣáájú, kó sọ èyí tó lè dúró nínú àwọn tó kù.