Ta ló kọ́kọ́ mọ òfin Pythagoras? Ohun tí olùkọ́ lè sọ nínú kíláàsì

Ìbéèrè: Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Olùkọ́ ìṣirò ni mí. Nígbàkígbà tí mo bá dé orí òfin Pythagoras, onímọ̀ Gíríìkì àtijọ́ (pé nínú onígun mẹ́ta tó ní igun títọ́, bí a bá sọ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po ara rẹ̀, tí a sì ro méjèèjì pọ̀, ìlọ́po ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù pẹ̀lú ara rẹ̀ la óò rí), àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń sọ pé àwọn kà á níbì kan pé kì í ṣe òun ló ni ín. Ọ̀kan á ní àwọn ará Íjíbítì ni, òmíràn á ní Bábílónì, àwọn mìíràn á dárúkọ Íńdíà tàbí Ṣáínà. Èwo ni kí n gbà, kí ni mo sì lè sọ fún wọn tí kò ní jẹ́ irọ́?

Ìdáhùn: Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ takuntakun. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń fa àríyànjiyàn yìí, òun ni “mọ̀”. Ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ 3, 4 àti 5 máa ń bí igun títọ́, nǹkan kan ló mọ̀. Ẹni tó mọ̀ pé ìlànà kan wà tó kárí gbogbo onígun mẹ́ta tó ní igun títọ́ ti mọ̀ jù ú lọ. Ẹni tó sì lè ṣàlàyé ìdí tí ìlànà náà kò fi lè yẹ̀ láé, ipò ọ̀tọ̀ ni tirẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ yín bá dárúkọ ilẹ̀ kan, ẹ bi í pé èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ní lọ́kàn, kí ẹ sì bi í pé kí ni àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn kọ sílẹ̀ tí a ṣì lè kà lónìí.

Bí a bá fi ìyẹn wọ̀n ọ́n, Bábílónì, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ìráàkì báyìí, ló ní ẹ̀rí tó lágbára jù. Wàláà amọ̀ kékeré kan wà ní Yunifásítì Yale, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, tí a mọ̀ sí YBC 7289, tí wọ́n kọ láàárín ọdún 1800 sí 1600 ṣáájú Sànmánì Kristẹni. Ẹni tó kọ ọ́ ya onígun mẹ́rin tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dọ́gba, ó fa ìlà láti igun dé igun, ó kọ 30 sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì kọ 1, 24, 51, 10 sórí ìlà tó dábùú náà. Nítorí pé ọgọ́ta-ọgọ́ta ni wọ́n fi ń ka nǹkan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni 1 àti 24 nínú 60, àti 51 nínú 3,600, àti 10 nínú 216,000. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ròó pọ̀: 1.414213 ni wọn yóò rí, bẹ́ẹ̀ 1.414214 ni nọ́ńbà tí ìlọ́po rẹ̀ pẹ̀lú ara rẹ̀ ń fún wa ní 2, èyí tí ìlànà náà sọ pé ìlà tó dábùú yóò jẹ́ bí ẹ̀gbẹ́ bá jẹ́ 1. Kò sí ẹni tó lè fi rúlà wọn èyí. Ẹni tó ní in lọ́wọ́ ti mọ ìlànà náà dáadáa, ní èyí tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún ṣáájú Pythagoras, àmọ́ kò kọ ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ síbẹ̀.

Wàláà kejì, Plimpton 322, wà ní Yunifásítì Columbia. Ìlà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló wà lára rẹ̀. Ìlà kẹrin ní 12,709 àti 18,541, tí wọ́n jẹ́ ẹ̀gbẹ́ kúkúrú kan àti ẹ̀gbẹ́ tó gùn jù nínú onígun mẹ́ta tó ní igun títọ́; ẹ̀gbẹ́ kẹta wọn sì jẹ́ 13,500 gééré. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì ní Ọsirélíà kéde pé tábìlì trigonometry ni, ìyẹn ìṣirò tó ń so igun onígun mẹ́ta mọ́ gígùn àwọn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní tèmi, ti Eleanor Robson, òpìtàn ìṣirò, ni mo gbà, ẹni tó ti fi í wé àwọn wàláà ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà tipẹ́ ṣáájú wọn, tó sì rí i pé ó jọ ohun tí olùkọ́ yóò tò sílẹ̀ láti máa fi ṣe ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Àwọn ará Bábílónì ìgbà náà kì í wọn igun bí a ti ń wọ̀n ọ́n. Bí a bá fi ẹ̀wù tiwa wọ iṣẹ́ wọn, a kò pọ́n wọn lé. Ńṣe la fi ohun tí wọ́n ṣe gan-an pamọ́.

Ní Íńdíà, ìwé Sulbasutra tí Baudhayana ṣe fún àwọn tó ń fi okùn wọn pẹpẹ ìrúbọ sọ ìlànà náà lọ́nà tó kárí gbogbo onígun mẹ́rin tó ní igun títọ́. Nítorí pé ojú èdè rẹ̀ ni a fi ń díwọ̀n ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ sọ pé láàárín 800 sí 500 ṣáájú Sànmánì Kristẹni, ẹ má mú ọdún kan pàtó. Ní Ṣáínà, wọ́n ń pè é ní gougu, Liu Hui, onímọ̀ ìṣirò wọn, sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ọdún 263 Sànmánì Kristẹni nípa gígé àwòrán sí wẹ́wẹ́ kí a sì tún un tò. Pythagoras ní tirẹ̀ kò fi ìwé kankan sílẹ̀; àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún ló so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Inú ìwé Euclid, onímọ̀ ìṣirò Gíríìkì, ní nǹkan bí 300 ṣáájú Sànmánì Kristẹni, la ti rí àlàyé ti àwọn Gíríìkì nípa ìdí tí ìlànà náà kò fi lè yẹ̀.

Ti Íjíbítì máa ń dùn mí. Ìtàn pé wọ́n fi okùn oníkókó méjìlá ya igun títọ́ kò sí nínú ìwé wọn kankan; àbá tí Moritz Cantor, òpìtàn ará Jámánì, dá ní nǹkan bí ọdún 1880 ni, àwọn èèyàn sì ń tún un sọ títí ó fi di òótọ́ létí wọn. Bẹ́ẹ̀, òkìkí àyálò kọ́ ni wọ́n nílò: ìwé tí Ahmes dà kọ ní nǹkan bí 1550 ṣáájú Sànmánì Kristẹni ṣì wà, ó kún fún ìdá nọ́ńbà, ó sì kọ́ni bí a ṣe ń wá ìwọ̀n inú òbìrí. Ìyẹn ni kí ẹ fi hàn wọ́n.

Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá wá bi yín pé ṣé àwọn Gíríìkì jí i ni, ẹ dá a lóhùn pé ẹni tó ṣáájú kò fi bẹ́ẹ̀ di ẹni tí a kọ́ ọ lọ́dọ̀ rẹ̀. A gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tí ìmọ̀ náà gbà. Fún àpẹẹrẹ, a mọ̀ pé ìwé al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò tó kọ̀wé ní èdè Lárúbáwá, lórí al-jabr (tí à ń pè ní algebra) dé Yúróòpù, nítorí Robert of Chester túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Látìn ní ọdún 1145, ìtumọ̀ náà sì wà lọ́wọ́ wa. Lórí òfin onígun mẹ́ta yìí, kò tíì sí irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.