Ìbéèrè: Maldives tàbí Gáḿbíà, ibo ló yẹ kí Mùsùlùmí mú ìyàwó ẹ̀ lọ sinmi?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum waramọtullaahi, Ààfáà wa, ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀sìn. Ọ̀dá Road ní Àkúrẹ́ ni mo ń gbé. Tó bá di Disẹ́ńbà, ó máa pé ọdún 10 tí wọ́n so yìgì èmi àti ìyàwó mi, a sì ti pinnu pé a máa lọ sinmi fún ọjọ́ 7, àwọn ọmọ máa wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní Oǹdó. Ìyàwó mi fẹ́ ká lọ Maldives torí àwọn fídíò tó ń rí lórí Instagram, ó ní ìlú Mùsùlùmí pọ́ńbélé ni. Èmi fẹ́ Gáḿbíà torí a ò nílò físà, owó tá a ti fi pamọ́ sì tó o. Tó bá jẹ́ Maldives, mo máa ní láti yá kún un nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ mi, èlé díẹ̀ wà lórí ẹ̀. Èwo nínú méjèèjì ló bá ẹ̀sìn mu jù? Ṣé a lè máa dín ìrun kù fún gbogbo ọjọ́ 7 yẹn? Ìyàwó mi sì ní kí n bi yín ṣé òun lè wọ inú òkun.

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam waramọtullaahi wabarakaatuhu. Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí yìgì yín, ọdún 10 kì í ṣe ọjọ́ 10. Inú mi dùn gan-an pé ọkọ jókòó, ó rò ó pé òun fẹ́ mú ìyàwó òun jáde lọ sinmi, torí ọ̀pọ̀ nínú wa níbí, tá a bá ti so yìgì tán, ibi ìsọmọlórúkọ àti ibi òkú nìkan la tún ń mú ìyàwó lọ mọ́. Ànábì wa (s.a.w.) bá Àìṣà sáré ìje lójú ìrìnàjò, Àìṣà ló kọ́kọ́ yege, nígbà tó yá tí Àìṣà ti sanra díẹ̀ wọ́n tún sá a, Ànábì wá yege, ó ní èyí dípò ti ìjọ́sí. Torí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé kò sí fàájì láàárín tọkọtaya nínú ẹ̀sìn wa.

Àmọ́ ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ owó èlé yẹn, torí òun ló wúwo jù nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kọ, ẹ sì wá fi "díẹ̀" tì í lẹ́yìn bí ẹni pé kò tó nǹkan. Kò sí ríbà, ìyẹn owó èlé, tó jẹ́ díẹ̀. Nínú Súrà Al-Baqarah, Ọlọ́hun ní kí ẹni tí kò bá fẹ́ jáwọ́ nínú ríbà múra ogun láti ọ̀dọ̀ Òun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Ogun o! Ẹni tí ọmọ ẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù tí kò rí ẹni yá a lówó, a lè jókòó tì í ká jọ máa wá ọ̀nà àbáyọ fún un, àmọ́ kéèyàn lọ kó owó èlé torí kó lè lọ sùn sínú ilé orí omi fún ọjọ́ 7, kó wá padà sí Àkúrẹ́ kó máa fi owó oṣù san án fún ọdún kan tàbí méjì, ẹ dákun, ẹ má ṣe é. Ibi tí ìdáhùn mi bá já sí, kí ẹ̀ tó ka ìyókù, owó yẹn kò sí nínú ẹ̀.

Ẹ ò sì sọ fún mi bóyá ẹ ti lọ Haji. Lọ́dún 2025, owó Haji láti ọ̀dọ̀ wa níbí ti lé ní mílíọ̀nù 8 náírà fún ẹnì kan, tí ohun tẹ́ ẹ ní kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, Haji kò tíì di dandan lé yín lórí, ẹ sinmi yín. Àmọ́ ẹ ro tíkẹ́ẹ̀tì èèyàn méjì lọ sí Maldives pọ̀ mọ́ owó hòtẹ́ẹ̀lì irú èyí tó wà nínú fídíò yẹn, ẹ máa rí i pé ó ti ń fojú jọ owó Haji. Ẹni tó bá ní irú owó bẹ́ẹ̀ nílẹ̀, tí ara ẹ̀ le, tí kò tíì rí Káábà, ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ ní kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sún un síwájú. Èmi náà ò lè wo ojú yín kí n sọ nǹkan míì.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá wo ìlú méjèèjì.

Ìyàwó yín ò parọ́ nípa Maldives. Látọdún 1153 ni ọba wọn ti gba Ìsìláàmù, Ibn Battuta tó rin ayé já, ẹni Mòrókò, tó ń tẹ̀lé ìlànà Ìmáámù Màlíkì bíi tiwa, ó ṣe kádì, ìyẹn adájọ́ ẹ̀sìn, fún wọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìnlá. Òfin wọn ti ọdún 2008 sọ pé ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí kò lè di ọmọ ìlú. Tẹ́ ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní eápọ́ọ̀tù, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú ọtí wọlé, wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tàbí òrìṣà wọlé. Ọjọ́ Jímọ̀ àti Sátidé ni òpin ọ̀sẹ̀ wọn. Ta ni inú ẹ̀ ò ní dùn sí irú ìlú bẹ́ẹ̀?

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni pé fídíò tí ìyá àwọn ọmọ ń wò yẹn, ilé onígi tó dúró lórí omi, omi búlúù mímọ́ gaara, kì í ṣe ibi tí àwọn Mùsùlùmí Maldives ń gbé. Erékùṣù ìlú yẹn ju 1,000 lọ, èyí tí èèyàn ń gbé nínú wọn ò tiẹ̀ tó 200, wọ́n wá ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún àlejò, erékùṣù kan hòtẹ́ẹ̀lì kan, òfin ọtí tó wà ní ìlú ò sì dé ibẹ̀. Wọ́n ń ta bíà, wọ́n ń ta wáìnì, tọkùnrin tobìnrin ń rìn kiri ní pátá àti kọ́mú láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sì sí ibi téèyàn fẹ́ gbé ojú gbà torí omi ló yí yín ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní mọ́ṣáláṣí kékeré, ti àwọn òṣìṣẹ́ ni. Torí náà tí Ọlọ́hun bá ṣí i fún yín lọ́jọ́ kan láti lọ Maldives, erékùṣù tí àwọn ọmọ ìlú ń gbé ni kẹ́ ẹ sùn sí, irú bíi Maafushi, ilé àlejò pọ̀ níbẹ̀, owó ẹ̀ wálẹ̀ dáadáa sí ti àwọn erékùṣù hòtẹ́ẹ̀lì yẹn, kò sí ọtí nínú ìlú, ẹ máa gbọ́ ìpè ìrun, wọ́n sì ya apá kan etí òkun sọ́tọ̀ fún àwọn àlejò tó fẹ́ bọ́ra, ibi tó kù, aṣọ ni tọkọ taya fi ń wọ omi.

Ní ti Gáḿbíà, ilé ni. Àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ju 90 lọ nínú 100, Màlíkì ni wọ́n, bí ìmáámù wọn ṣe ń kírun ni ìmáámù wa ní Àkúrẹ́ ṣe ń kí i. Pásípọ́ọ̀tù yín lásán ló máa gbé yín wọlé torí ECOWAS, ọjọ́ 90 gbáko lẹ fi lè wà níbẹ̀, wọ́n ń sọ Òyìnbó, ìrẹsì alápòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní benachin, ẹ̀yin náà máa tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó mọ̀ pé bàbá jọ̀lọ́ọ̀fù wa nìyẹn. Ọmọ kéú mi kan tó ń ṣòwò ní Serrekunda sọ fún mi pé lẹ́yìn ìrun Alásárì, wọ́n á gbé iná èédú kékeré kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa da tíì attaya láti ife kan sí èkejì títí á fi hó funfun, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n máa ń bù ú, àkọ́kọ́ máa korò, ìkẹta á wá dùn, wákàtí méjì á ti lọ, àlejò tó bá ń kọjá wọ́n á ní kó jókòó. Irú ìsinmi yẹn, ẹ̀mí máa ń gùn nínú ẹ̀.

Àmọ́ ẹ má rò pé torí pé Gáḿbíà súnmọ́ wa, kò ní tiẹ̀. Ní Disẹ́ńbà 2015, ààrẹ ìgbà náà kéde pé orílẹ̀-èdè olómìnira ti Ìsìláàmù ni wọ́n, nígbà tó fi máa di Jánúárì 2017, ààrẹ tuntun ti yọ orúkọ náà kúrò, ní gbogbo àsìkò yẹn òpópónà tí àwọn àlejò ń gbádùn ní Kololi ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú ilé ọtí àti ilé ijó ẹ̀. Orúkọ ìlú kọ́ ló máa kírun fún wa. Ibi tẹ́ ẹ máa gbé orí lé lálẹ́ ni kẹ́ ẹ yẹ̀ wò. Èmi gan-an, wọ́n gbà mí sí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Èkó nígbà tí mo lọ ṣe wàásù, mo ṣí fíríìjì yàrá pé kí n mu omi kí n tó ṣe àlùwàlá Ìsáì, bíà mẹ́ta ló kọ́kọ́ kọjú sí mi, omi wà lẹ́yìn wọn. Mo pe ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kó wá kó wọn jáde, ó ní "Ààfáà, ẹ má bínú, bí wọ́n ṣe ń tò ó sí gbogbo yàrá nìyẹn." Èkó yẹn náà ni, tí mọ́ṣáláṣí wà ní gbogbo àdúgbò. Torí náà kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ pè wọ́n, ẹ ní kí wọ́n kó ọtí kúrò ní yàrá, ẹ bi wọ́n ní mọ́ṣáláṣí tó súnmọ́ wọn, ẹ bi wọ́n nípa ẹran wọn.

Ohun kan tún wà ní Gáḿbíà tó ń bà mí lẹ́rù ju ọtí lọ. Ní Bakau, odò ọ̀ọ̀nì kan wà tó ń jẹ́ Kachikally, gbogbo ẹni tó ń mú àlejò kiri ló máa fẹ́ mú yín débẹ̀. Kéèyàn wo ọ̀ọ̀nì, ẹ̀dá Ọlọ́hun ni, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Àmọ́ àwọn èèyàn ń lọ síbẹ̀ lọ tọrọ ọmọ, wọ́n ń fi omi ẹ̀ wẹ̀ pé kí àwọn lè bímọ, bí àwọn kan ṣe ń ṣe lójú odò Ọ̀ṣun nílẹ̀ wa, Mùsùlùmí sì wà nínú wọn. Ṣíríkì ni, ìyẹn kéèyàn wá orogún fún Ọlọ́hun, ẹ̀ṣẹ̀ tí Ọlọ́hun kì í dárí ẹ̀ ji ẹni tó bá kú sórí ẹ̀. Tí wọ́n bá bu omi yẹn fún yín pé ẹ fi pa ojú fún oríire, ẹ dá a padà. Kẹ́ ẹ má ní torí pé owó ìwọlé tẹ́ ẹ san ni.

Ìrun. Ìrìnàjò tí kì í ṣe ti ẹ̀ṣẹ̀ ni tiyín, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti dín in kù. Lọ́dọ̀ àwa Màlíkì, ibi téèyàn ń lọ gbọ́dọ̀ tó bíi kìlómítà 80, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ lọ Oǹdó kò fi lè dín ìrun kù, kò tó 60, mo ń sọ ọ́ torí mo ń rí àwọn ọlọ́jà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti kọjá ilé tó kẹ́yìn ní Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ forí lé Èkó, Àìlà bá yín ní Ọ̀rẹ̀, ráká méjì ni, Alásárì méjì, Ìsáì méjì, Mọ̀ǹgàríbì àti Àsùbáà dúró bí wọ́n ṣe wà. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fetí sílẹ̀ nìyí: ẹni tó bá ti ní in lọ́kàn pé òun máa lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko, ìyẹn ìrun 20, lójú kan náà, kò jẹ́ onírìnàjò mọ́, ó máa kírun ẹ̀ pé láti ìgbà tó bá ti débẹ̀, Jímọ̀ náà sì di dandan fún ọkùnrin. Nítorí náà tó bá jẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì kan lẹ máa wà fún ọjọ́ 7, ìrun pípé ni. Tẹ́ ẹ bá ti kúrò níbẹ̀ tẹ́ ẹ forí lé Àkúrẹ́ padà, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù.

Kíbílà ńkọ́? Ní Gáḿbíà, ìlà-oòrùn lẹ máa kọjú sí bíi tilé. Ní Maldives, ẹ ti kọjá Mẹ́kà, ìwọ̀-oòrùn sápá àríwá ni wọ́n ń kọjú sí, ẹni tó bá fi ojú Àkúrẹ́ kírun níbẹ̀ ti kẹ̀yìn sí Káábà. Mọ́ṣáláṣí àtijọ́ kan wà ní Malé, olú-ìlú wọn, òkúta inú òkun ni wọ́n fi kọ́ ọ lọ́dún 1658, orí ìpìlẹ̀ ilé òrìṣà àtijọ́ tí kò dojú kọ Kíbílà ni wọ́n gbé e lé, títí dòní igun ilé ni àwọn tó ń kírun níbẹ̀ ń kọjú sí. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an, wọn ò ní kí Kíbílà tẹ̀lé ilé.

Nípa òkun, ó lè wọ̀ ọ́. Kò sí ẹ̀rí kankan tó ní kí obìnrin má wẹ̀. Aṣọ tó bo gbogbo ara yàtọ̀ sí ojú àti ọwọ́, tó nípọn tí kò sì ní lẹ̀ mọ́ ọn lára nígbà tó bá tutù, kẹ́ ẹ lọ ní kùtù lẹ́yìn Àsùbáà nígbà tí etí òkun ṣì dá, kẹ́ ẹ mú ìborùn ńlá dání tó máa fi yí ara tó bá ń jáde. Ẹ̀yin náà, láti ìdodo dé orúnkún, ṣòkòtò péńpé tí àwọn ọkùnrin ń wọ̀ kiri yẹn kò tó. Ẹ má sì gbé fọ́tò ẹ̀ sórí Instagram, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tẹ̀yin méjèèjì.

Torí náà, Gáḿbíà ni mo fọwọ́ sí fún Disẹ́ńbà yìí, pẹ̀lú owó yín tí kò ní èlé nínú. Òjò ti lọ níbẹ̀ nígbà yẹn, àmọ́ àsìkò yẹn náà ni àwọn Òyìnbó ń rọ́ lọ, ẹ tètè gba yàrá, ẹ wá a jìnnà sí Kololi, Sanyang tó wà létí òkun dákẹ́ jù ú lọ, ẹ má gbàgbé yẹ́lò káàdì, ìyẹn káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú. Ẹ bá mi fi sùúrù ṣàlàyé fún ìyá àwọn ọmọ, ẹ má fi ìdáhùn mi ṣe yẹ̀yẹ́ ẹ̀, ohun tó wù ú kò burú, owó tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe é ló burú. Tó bá wá sí àṣàláátù lọ́jọ́ Àìkú, kó rí ìyàwó mi lórí ọ̀rọ̀ aṣọ ìwẹ̀ yẹn, obìnrin kan wà ní Aràkàlẹ̀ tó ń rán an, ó ti rán ti ọmọ wa obìnrin rí.