Kí ẹ tó ra transfer case míì fún 4Runner yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra transfer case yẹn, àpótí gíà tó ń pín agbára ẹnjíìnì fún iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ ní 4Runner 1998 yín, jíìpù Toyota yẹn, ń wọ 4WD kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jọ máa fà, ẹ̀ ń gbọ́ bó ṣe ń wọlé, síbẹ̀ nínú ẹrẹ̀, táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo ló ń yí, mẹkáníìkì sì ní transfer case ti kú. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn. Mo ra òmíràn ní ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, mo sanwó iṣẹ́, kò sì tó oṣù kan tí mo tún rì sínú ẹrẹ̀ lọ́nà oko kòkó lẹ́yìn Ìdànrè.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú lọ́jọ́ yẹn. Mo fa ọ̀pá sí 4L, ìyẹn 4WD oníyára díẹ̀ tó lágbára jù, mo tẹná, ẹnjíìnì ń ké, ẹ̀yìn ọkọ̀ ń rì. Mo ní kí ọmọ tó bá mi lọ máa tẹná díẹ̀díẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ iwájú láti ọ̀ọ́kán. Táyà iwájú méjèèjì dúró gbọn-in. Ṣùgbọ́n pùròpẹ́là iwájú, ọ̀pá irin tó ń gbé agbára láti transfer case lọ síwájú, ń yí! Agbára ń jáde láti transfer case nígbà náà. Ibòmíràn ló ń sọnù sí.

Inú differential iwájú ni, àpótí gíà tó ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì. Differential tí kò ní locker, ohun tó ń de táyà méjèèjì pọ̀ kí wọ́n jọ máa yí, dà bí ìyá ìbejì: ohun tó bá fún Táyé náà ló gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé. Bí Táyé kò bá lè jẹ ju ṣíbí kan lọ, ṣíbí kan náà ni Kẹ́hìndé máa rí, bí ebi tilẹ̀ ń pa á kú. Táyà tó wà nínú ẹrẹ̀, tí kò rí nǹkan dì mú, ni Táyé yẹn. Ó kàn ń yí lásán, èyí tó wà lórí ilẹ̀ líle kò sì ní rí ju tirẹ̀ lọ. Nítorí kọ́nà ni wọ́n ṣe ṣe é bẹ́ẹ̀, torí táyà ìta ń rìn jù táyà inú lọ. Nítorí náà, bí 4WD yín bá tiẹ̀ pé pérépéré, táyà kan níwájú àti ọ̀kan lẹ́yìn ṣì lè máa yí kí ọkọ̀ má kúrò lójú kan, pàápàá níbi tí gegele bá ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú àti òsì ẹ̀yìn sókè.

4Runner tún ní tirẹ̀ lọ́tọ̀. ADD ni wọ́n ń pè é. Tí ẹ bá wà ní 2WD, tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà, ó máa ń já ṣááfùtì ẹsẹ̀ iwájú kan, kí pùròpẹ́là iwájú má baà máa yí lásán lójú títì. Tí ẹ bá wọ 4WD, á so ó padà. Ẹsẹ̀ kan péré ló ń já o, ibẹ̀ ló sì ti ń tan mẹkáníìkì jẹ. Wọ́n á ní bí kò bá so padà, ẹ̀gbẹ́ kejì á ṣáà máa fà. Kò lè fà! Táyé ti lọ sájò, abọ́ rẹ̀ ṣófo. Òfìfo náà ni Kẹ́hìndé máa gbà. Gbogbo agbára iwájú á máa bá àjákù ṣááfùtì yí. Ẹ̀yìn nìkan ló kù, òun náà kò sì ní locker, ni ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bá di ẹlẹ́sẹ̀ kan.

Iná 4WD inú dáṣíbọọ̀dù mi ti ń ṣẹ́jú fún bí oṣù mẹ́ta. Mo rò pé gúlóòbù ló fẹ́ kú, àṣé ADD tí kò so padà ló ń kìlọ̀ fún mi.

Bí mo ṣe yẹ tèmi wò nìyí. Mo pa ẹnjíìnì, mo fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn, mo fi ọ̀pá sí 4WD àti gíà sí P, mo wá fi jáàkì gbé táyà iwájú kan ṣoṣo. Mo yí i lọ́wọ́, ó ń yí fàlàlà, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó yí bí ADD bá so. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló wọ inú ADD: ọ̀kan ń so, ọ̀kan ń já. Mo yọ méjèèjì, mo ki rọ́bà míì tó mọ́ bọ ojú ibi tó ń so, mo fi ẹnu fà á bí ẹni ń fa kókó-kóòlà, ẹnì kan sì ń yí táyà náà jẹ́jẹ́. Mo gbọ́ “kọ́!” lábẹ́ ọkọ̀, táyà dúró. ADD mi kò ṣe nǹkan kan. Rọ́bà tí ẹnjíìnì fi ń fa atẹ́gùn kí ADD lè ṣiṣẹ́ ni ooru ti jẹ, ó ti là níbi tó ti tẹ̀. Iye tí mo fi ra òmíràn kò tó owó epo tí mo sun lọ Ládípọ̀. Ká ní atẹ́gùn kàn ń gba ẹnu mi kọjá ni, á jẹ́ pé awọ inú ADD ti ya. Bí ahọ́n bá sì lẹ̀ mọ́ rọ́bà tí táyà kò dúró, irin inú rẹ̀ ló há.

Ti ẹ̀yìn ńkọ́? Àwọn 4Runner kan ní locker ẹ̀yìn láti ilé iṣẹ́, bọ́tìnì rẹ̀ á wà níwájú yín. Tèmi kò ní. Tí mo bá há, mo máa ń fa hándbírékì díẹ̀, bíi kẹ́-kẹ́ méjì, mo sì ń tẹná jẹ́jẹ́: bíréèkì yẹn á fún Táyé ní nǹkan tó máa tì, Kẹ́hìndé náà á wá rí jẹ. Ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Ẹ yẹ rọ́bà yẹn wò lọ́la kí ẹ sọ fún mi: ṣé ahọ́n yín lẹ̀ mọ́ ọn, àbí atẹ́gùn ń kọjá?