Gíà Pathfinder mi ti kú: ṣé kí n ra tòkunbọ̀ ni tàbí kí n tún un ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́. Nissan Pathfinder ọdún 2006 ni mo ń wà. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 4.0, ọ́tò ni gíà rẹ̀, ó sì jẹ́ four-wheel. Láti bí oṣù kan sẹ́yìn, bí eré mi bá ti ń súnmọ́ 60, ọkọ̀ náà á máa gbọ̀n bí ẹni pé ojú ọ̀nà kò dára. Ní báyìí, bí mo bá fi í sí D, ó máa ń pẹ́ kí ó tó gbéra. Mẹkáníìkì mi ní gíà ti kú, pé kí á lọ ra tòkunbọ̀ ní Gate, n'Ìbàdàn. Ṣé kí n rà á ni, tàbí kí n ní kí wọ́n ṣí èyí tí ó wà nínú rẹ̀? Bí mo bá sì máa rà á, irú èwo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Mo kí yín náà, ẹ sì pẹ̀lẹ́ o. Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ ní kí mẹkáníìkì yín yọ ọ̀pá tí a fi ń wọn óìlì gíà níṣojú yín. Bóòtù kékeré kan ni ó de ọ̀pá yìí mọ́lẹ̀, ọwọ́ lásán kò lè fà á yọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wa irú ọkọ̀ yìí fún ọdún púpọ̀ láì wò ó rí. Óìlì tí ó dára máa ń pọ́n, ó sì máa ń mọ́ gaara. Èyí tí ó ti gbó á dúdú, á sì máa rùn bí ohun tí ó jóná. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i pé ó ki, tí ó dà bí ìgbà tí a da wàrà sínú zóbò, omi rèdíétọ̀ ti wọ inú gíà yín nìyẹn, rèdíétọ̀ ni kí a sì kọ́kọ́ bá wí.

Óìlì gíà máa ń gbóná, nítorí náà ni wọ́n ṣe mú un gba inú páìpù kan tí ó wà nínú rèdíétọ̀ kọjá, kí omi tí ó yí i ká lè mú un tutù. Nínú Pathfinder tí wọ́n ṣe láti ọdún 2005 sí 2010, páìpù yìí a máa là, ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ débi pé ilé iṣẹ́ Nissan fi kún iye ọdún tí wọ́n fi ṣe onídùúró fún rèdíétọ̀ náà ní Amẹ́ríkà. Àwọn awo pẹlẹbẹ kan wà nínú gíà ọ́tò tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ohun tí ó dà bí páálí mọ́ lára, àwọn ni wọ́n ń di ara wọn mú kí ọkọ̀ tó lè lọ. Omi a máa tú gọ́ọ̀mù náà. Nígbà tí ó bá ń tú lọ́wọ́, ọkọ̀ á máa gbọ̀n. Nígbà tí ó bá tú tán, gíà á máa yọ̀.

Ọkùnrin kan gbé irú ọkọ̀ yín wá bá mi, ó ní gíà kẹta nìyí láàárín oṣù mẹ́jọ. Rèdíétọ̀ tí ọkọ̀ náà gbé wọ Nàìjíríà ṣì ni mo bá níwájú rẹ̀.

Bí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ inú gíà, a lè fi óìlì tuntun fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin, kí ó sì yè é. Tiyín ti kọjá ibẹ̀, nítorí pé ó ti ń pẹ́ kí ó tó gbéra. Ṣíṣí i dára bí ẹ bá mọ oníṣẹ́ gíà tí yóò pààrọ̀ gbogbo awo àti rọ́bà inú rẹ̀ pátápátá, àti tọ́kì kọnfátà (ohun rìbìtì tí ó ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì wọ inú gíà) pẹ̀lú. Ohun tí mo máa ń rí jù ni kí wọ́n pààrọ̀ awo méjì tí ó jẹ jù, kí wọ́n sì dé e padà. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fi owó ṣòfò ni. Ní tèmi, tòkunbọ̀ tí a yẹ̀ wò dáadáa ni mo máa yàn fún yín.

Èyí tí ẹ máa rà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹ́ńjìnnì 4.0 tí ó ń lo pẹtiróòlù, kí ọdún rẹ̀ sì súnmọ́ ti ọkọ̀ yín. Ti 5.6 kò lè wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ti dísẹ́ẹ̀lì tí ó wá láti Yúróòpù, nítorí pé ojú tí wọ́n fi so mọ́ ẹ́ńjìnnì yàtọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ àwọn oníbàárà jẹ jù ni pé Pathfinder tí táyà ẹ̀yìn nìkan ń fà pọ̀ lọ́jà, gíà rẹ̀ sì jọ tiyín lójú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ẹ wo ẹ̀yìn gíà náà: ti táyà ẹ̀yìn nìkan ní ìrù gígùn, tiyín sì kúrú, ojú rẹ̀ tẹ́jú kí a lè de transfer, ìyẹn àpótí tí ó ń pín agbára fún táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, mọ́ ọn. Transfer yín ní óìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á mọ́ gíà fún yín bí kò bá ní ẹ̀sùn kankan. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi ìka kan ihò tí óìlì ń gbà jáde lọ sí rèdíétọ̀. Bí ó bá rí bíi zóbò oníwàrà, ẹ kọjá síwájú. Ẹ bèèrè kọ̀ǹpútà gíà pẹ̀lú, nítorí pé inú gíà gan-an ni ó wà nínú irú ọkọ̀ yìí, àwọn kan sì máa ń yọ ọ́ tà lọ́tọ̀. Kí àdéhùn ọjọ́ tí ẹ fi lè dá a padà wà nínú rìsíìtì.

Nígbà tí wọ́n bá ń gbé e wọlé, tọ́kì kọnfátà gbọ́dọ̀ ti jókòó dé ìsàlẹ̀ kí gíà tó kan ẹ́ńjìnnì. Bí àlàfo bá ṣì wà láàárín méjèèjì, tí wọ́n wá ń fi bóòtù fà á wọlé, pọ́ǹpù inú gíà yóò fọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ ra rèdíétọ̀ tuntun, kí wọ́n sì fọ àwọn páìpù óìlì. Èmi tún máa ń gbé ohun kan tí ó ń mú óìlì tutù síwájú rèdíétọ̀, kí óìlì gíà má gba inú omi mọ́ rárá. Óìlì Matic-J tàbí Matic-S ni kí ẹ lò, ó sì máa lé ní lítà 10 bí gíà bá gbẹ. Ẹ wọ̀n ọ́n nígbà tí ó bá gbóná, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tí gíà sì wà ní P. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún tú bóòtù ọ̀pá náà, kí ẹ wo àwọ̀ rẹ̀.