Wọ́n Ní Ìgbàgbọ́ Ti Sọ Mí Di Ọ̀dẹ̀

ÌBÉÈRÈ

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n fọwọ́ sí ìwé ìṣirò kan tí mo mọ̀ pé irọ́ wà nínú rẹ̀, mo kọ̀. Ẹlẹgbẹ́ mi kan fọwọ́ sí i, òun ni wọ́n sì gbé ga sí ipò tí ó tọ́ sí mi. Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, mo bá a ṣe lára iṣẹ́ rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi yá. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ẹ̀sìn ti sọ mí di ọ̀dẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì sì gbè sẹ́yìn wọn. Ní òru, èmi náà a máa bi ara mi pé àbí òótọ́ ni. Èsì wo ni kí n fún wọn?

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ jẹ́ kí a ti ọ̀dọ̀ ìbéèrè òru yẹn bẹ̀rẹ̀, nítorí ó wúwo ju èsì tí ẹ óò fún ẹnikẹ́ni lọ.

Orúkọ tí wọ́n ń pè yín ti pẹ́ láyé. Nígbà tí Pọ́ọ̀lù kọ ìwé kìíní sí àwọn ará Kọ́ríńtì, kò jiyàn rárá pé ìwàásù àgbélébùú dà bí ìwà òmùgọ̀ lójú ayé. Ikú ẹrú àti ti ọlọ̀tẹ̀ ni ikú orí àgbélébùú lábẹ́ ìjọba Róòmù. Lára ògiri kan ní ìlú Róòmù àtijọ́, tí wọ́n hú jáde ní ọdún 1857, ẹnìkan ya àwòrán ọkùnrin kan tí ó ń júbà ẹni tí a kàn mọ́ àgbélébùú, ó fi orí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ sí ẹni náà lọ́rùn, ó sì kọ ọ́ ní èdè Gíríìkì pé Alexamenos ń sin Ọlọ́run rẹ̀. Ó fẹ́ fi Alexamenos ṣe ẹ̀sín ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹ̀rí rere ni ó jẹ́ fún un, nítorí àwọn tí ó yí i ká mọ ẹni tí ó ń sìn.

Ìṣirò ni iṣẹ́ yín, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí yóò tètè yé yín. Bí ó bá jẹ́ pé ayé yìí nìkan ni ó wà, ìṣirò àwọn ẹlẹgbẹ́ yín péye. Pọ́ọ̀lù pàápàá gbà bẹ́ẹ̀: ó wí nínú orí 15 ìwé kan náà pé, bí ìrètí wa nínú Kristi bá mọ sí ayé yìí, àwa ni ó yẹ kí a káàánú jù lọ nínú gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí Kristi bá jí dìde, iye kan wà tí wọn kò kọ sínú ìwé ìṣirò wọn. Nítorí náà, nígbà tí oorun bá tún dá lójú yín, ẹ má bi ara yín bóyá ọ̀dẹ̀ ni yín. Ẹ bi ara yín bóyá ó jí dìde lóòótọ́, kí ẹ sì ka orúkọ àwọn tí ó rí i, ní ẹsẹ 5 sí 8 orí náà. Ipò tí ẹ pàdánù lè máa dùn yín síbẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un: kì í ṣe gbogbo èébú ni ti àgbélébùú. Onígbàgbọ́ tí ó ń fi àdúrà bo iṣẹ́ tí kò ṣe mọ́lẹ̀, ìwà ara rẹ̀ ni wọ́n ń bú. N kò rí irú rẹ̀ nínú lẹ́tà yín.

Ní ti èsì, Pétérù ní kí a múra tán láti dá ẹni tí ó bá bi wá léèrè ìrètí wa lóhùn, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ àti ọ̀wọ̀. Ẹni tí ó kàn ń bú yín kò tíì béèrè nǹkan kan. Ẹ kí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Ẹ̀gbọ́n yín ni kí ẹ bá sọ̀rọ̀, ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jọ ka Máàkù orí 3, níbi tí àwọn ìbátan Jésù ti lọ mú un nítorí wọ́n ní orí rẹ̀ ti dàrú, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ tinú rẹ̀ tán kí ẹ tó sọ tiyín. Bí ọ̀gá yín bá sì tún gbé irú ìwé yẹn wá, ẹ kọ̀ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹ ti ṣe lákọ̀ọ́kọ́.