Ohun tí ọwọ́ ọmọ lè ṣe ni kẹ́ ẹ fi to ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa tẹ́ ẹ bèèrè láti Oǹdó pé báwo lẹ ṣe máa to iṣẹ́ ọnà láti JSS1 dé SS3 tí ọdún kan á fi máa gun orí èkejì, àti pé ṣé àwọ̀ lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ ni àbí yíya nǹkan. Àkúrẹ́ níbí lèmi ti ń kọ́ wọn. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

SS1 ló ti máa ń bàjẹ́. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò kẹ́ ẹ tó kọ ohunkóhun sílẹ̀ fún JSS1. Ní kíláàsì kékeré, iṣẹ́ ọnà kì í dá dúró, wọ́n ti pa á pọ̀ mọ́ orin, ijó àti eré orí ìtàgé, òun ni wọ́n ń pè ní Cultural and Creative Arts. Bí ẹni tí wọ́n gbé e fún bá jẹ́ olórin, orin lọmọ máa kọ títí. Bí kò bá mọ èyíkéyìí nínú ẹ̀, ojú pátákó lọmọ máa dà kọ. Ọmọ yẹn á yege BECE, ìdánwò ìparí JSS3, á wọ SS1, á lóun fẹ́ ṣe Visual Art, bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ya ife omi kan rí láyé ẹ̀.

Irú wọn ni wọ́n kó fún mi. Mo gbé ìkòkò amọ̀ kan tí mo rà ní Ọjà Ọba sórí tábìlì, mo ní kí wọ́n yà á. Gbogbo wọn ló ya ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú igun ṣóńṣó lọ́tùn-ún lósì, wọ́n sì fi rúlà fa ìdí rẹ̀ gbọọrọ. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìkòkò ni wọ́n yà, wọn ò wo èyí tó wà níwájú wọn. Mo ní kí wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí ojú wọn fi bá ẹnu ìkòkò dọ́gba, wọ́n rí i tó tẹ́ bí ìlà. Mo ní kí wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, ẹnu yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ọmọbìnrin kan pariwo pé, "Mà, ó ń yí padà!" Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ọmọ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í ríran. Ó ku kí n fi hàn wọ́n pé ìdí ìkòkò tó jìnnà sísàlẹ̀ sí ojú gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọrọdọ ju ẹnu rẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ la wà táwọn alábẹ̀wò fi dé. Wọn ò wo iṣẹ́ ọmọ kankan. Lesson note ni wọ́n bèèrè, wọ́n ní ọ̀sẹ̀ wo la wà. Wọ́n ní nínú scheme, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, ó ti yẹ ká máa ya odindi èèyàn, pé orí ìkòkò ni mò ń fi àkókò ṣòfò sí. Ọ̀kan nínú wọn fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé mi. Ọ̀gá àgbà bá mi wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi, àṣẹ sì jáde pé kí n bá scheme rìn. A bá a rìn. Ọmọ tí kò lè ya ìkòkò wá ń ya èèyàn: orí gúnlẹ̀ sórí èjìká láìní ọrùn, apá méjèèjì jáde lábẹ́ etí. Ojú ń tì wọ́n láti fi han ara wọn. Kí sáà náà tó parí, àwọn òbí ti ń wá sọ pé káwọn mú ọmọ àwọn lọ sí ẹ̀kọ́ Government, pé kò ní ẹ̀bùn. Ẹ̀bùn kọ́ rárá! Ọmọbìnrin tó ní ìkòkò ń yí padà wà lára àwọn tó lọ. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Àwọn tó fi bírò pupa kọ̀wé yẹn ò sì padà wá bèèrè pé kí ló gbẹ̀yìn kíláàsì náà.

Torí náà, ẹ má fi àkọ́lé to ẹ̀kọ́ yín. Ohun kan náà ni kẹ́ ẹ máa padà sí lọ́dọọdún, kó máa le sí i. Ní JSS1, ìlà nìkan: ìkòkò, ewé, bàtà, ohun tó bá wà nítòsí. Yíyà ló ṣáájú, ìyẹn ni ìdáhùn ìbéèrè yín. Ní JSS2, ìmọ́lẹ̀ àti òjìji: ẹ ti fèrèsé ẹ̀gbẹ́ kan kí ìmọ́lẹ̀ lè gba ibì kan ṣoṣo wọlé, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èédú inú ilé ìdáná ṣe é bí owó pẹ́ńsùlù 4B tàbí 6B, èyí tó rọ̀ tó sì dúdú, ò bá sí. Ìparí ọdún yẹn ni kẹ́ ẹ mú àwọ̀ wọlé, pupa, yẹ́lò àti búlúù péré, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn po àwọ̀ ewé. JSS3, àkójọpọ̀ nǹkan mẹ́ta mẹ́rin, kí ọmọ mọ èyí tó wà níwájú àti èyí tó wà lẹ́yìn. SS1, aṣọ tó ká, ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn lodindi èèyàn. Ní SS2, ìkòkò ọjọ́ kìíní yẹn lè di ọnà lára àdìrẹ tàbí pósítà. SS3, ẹ mọ ìyẹn, ìbéèrè WAEC àtijọ́ ni.

Mo rántí àdìrẹ o. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kan kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ rọra dà á sínú omi, ẹ má ṣe da omi lé e lórí láéláé, ó máa ń hó, á sì ta sí èèyàn lójú. Kí ìbọ̀wọ́ rọ́bà wà, kí omi púpọ̀ wà nítòsí. Àwọn tó kọ àdìrẹ sínú ìlànà ẹ̀kọ́ ò bá wa ra ìbọ̀wọ́ kankan.

Ìtàn iṣẹ́ ọnà ńkọ́? Ẹ má tò ó jọ de SS3 kí wọ́n máa há a sórí. Láti JSS2 ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, láti ìtòsí. Ní 1971, Ekpo Eyo, awalẹ̀pìtàn, wa ilẹ̀ ní Igbó Lájà ní Ọ̀wọ̀, ó rí àwọn ère amọ̀ sísun níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa níbí ni! Bẹ́ ẹ bá dé orí àwọn orí idẹ tí wọ́n wú jáde ní agbolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1938, ẹ ní kí wọ́n ya àwọn ìlà tó wà lójú àwọn kan nínú wọn. Àwọn ìlà yẹn ń tẹ̀ lé bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe yọ ni, ẹ̀kọ́ ẹnu ìkòkò náà ló tún padà wá yẹn. Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì náà ò jìnnà sí wa. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, agbẹ́gilére, gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ọba ìlú náà, wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní London ní 1924, ó sì wà ní British Museum níbẹ̀ dòní. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn ò ní sọ pé iṣẹ́ àwọn tí kò ríwèé kà niṣẹ́ ọnà.

Ní ti àwọn alábẹ̀wò, ẹ kọ àkọ́lé scheme sókè lesson note bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ, kẹ́ ẹ kọ ohun tí ọmọ máa fọwọ́ ṣe sábẹ́ rẹ̀. Bó bá ní "yíya èèyàn" tí ọwọ́ wọn ò tíì tó o, ẹ jẹ́ kí wọ́n ya ọwọ́ òsì ara wọn, èèyàn náà kúkú ni. Ẹ kó àwòrán JSS1 gbogbo wọn sínú fáìlì, ẹ fi déètì sí i, ẹ má fún wọn gbé lọ sílé. Òun ni kẹ́ ẹ gbé síwájú òbí tó bá wá lóun fẹ́ mú ọmọ òun kúrò.

Ẹ ò sọ iye píríọ́dù tí wọ́n fún yín lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́, torí bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má fi iṣẹ́ amọ̀ kún ti JSS1, kò ní gbẹ kí kíláàsì mìíràn tó wọlé.